Ẹ Má Fi Ìtìjú Bo Ìpayà Àwọn Ọmọ Tó Ń Tọ́mọ

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí, àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ obìnrin ni, kí a gbé e lọ bá àwọn obìnrin. Àwa ní rárá. Ọ̀rọ̀ òṣèlú ni. Ẹni tí ìlú kà mọ́ ènìyàn àti ẹni tí ìlú kò kà, òṣèlú nìyẹn. Àwọn ọmọbìnrin wa tí wọ́n di ìyá kí wọ́n tó pé ọdún méjìdínlógún, ìlú kò tíì kà wọ́n.

Bí a bá jókòó lábẹ́ igi tí a ń rántí àwọn ọjọ́ rògbòdìyàn, ẹ gbọ́ ohun tí à ń sọ. A máa ń ka ẹni tó kú. A máa ń ka ẹni tí wọ́n mú lọ. A máa ń sọ bí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ṣe tò lójú ọ̀nà, bí iṣu ṣe jẹrà, bí ọjà kò ṣe ná. Gbogbo rẹ̀ ló tọ́ kí a rántí. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó pọn ọmọ oṣù méjì, tó sá wọ oko kajú lóru, tó fọwọ́ bo ọmọ lẹ́nu kí igbe rẹ̀ má baà jáde, ta ló béèrè rẹ̀? Ta ló padà lọ bi í ní oṣù kan lẹ́yìn náà pé, ọmọ mi, ṣé o ń sùn?

Gbogbo wa la wà níbí ní ọdún 2019. Wọ́n dìbò àwọn aṣòfin ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin láìsí ẹgbẹ́ alátakò kankan nínú rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún, Cotonou dàrú, àwọn agbófinró sì yí ilé ọmọ wa, ààrẹ àná, Boni Yayi, ká. Nígbà tó di nǹkan bí ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà tí àwọn ọlọ́pàá wá mú ènìyàn, iná ràn ní Tchaourou, ó sì ràn ní Ṣábẹ̀ẹ́. Ọ̀nà dí. Ìbọn dún. Ènìyàn kú. Ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà ni wọ́n tó kúrò níwájú ilé Yayi. Nígbà tó di ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin dìbò fún òfin ìdáríjì fún ohun tó ṣẹlẹ̀ nítorí ìdìbò náà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin tó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n kò lè sọ fún àyà pé kó má já mọ́.

Ọdún méjì kò pé, ó tún dé. Oṣù Kẹrin ọdún 2021, kí ìdìbò ààrẹ ọjọ́ 11 tó wáyé, wọ́n tún gé igi dí ọ̀nà ní Tchaourou, ní Bantè, ní Ṣábẹ̀ẹ́. Ní Ṣábẹ̀ẹ́, àwọn ọmọ ogun yìnbọn kí wọ́n tó la ọ̀nà, ènìyàn sì tún kú. Ọmọ tó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá ní 2019, ó ti di mẹ́tàlá ní 2021. Ẹ ṣírò rẹ̀ dé òní kí ẹ rí ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe àlejò. Ọmọ tó dàgbà láàárín ìró ìbọn méjì ni, tó sì wá lóyún.

A mọ ohun tí àwọn kan ń sọ. Wọ́n ní Tchaourou kọ́ ni ogun wà, Alibori àti Atacora ni ogun wà. Òótọ́ ni pé ibẹ̀ le ju ibí lọ. Láti ọdún 2022 ni ìjọba ti kó ọmọ ogun lọ sí àríwá nínú iṣẹ́ tí wọ́n pè ní Mirador, síbẹ̀, ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹrin ọdún 2025, ọmọ ogun 54 ló kú lọ́jọ́ kan ní agbègbè igbó W, ìjọba fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ti sá kúrò nílé wọn níbẹ̀, àwọn mìíràn sá wọlé láti Burkina. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká bi ara wa: ẹni tó ń sá láti Alibori, ìhà wo ló ń sá sí? Ìsàlẹ̀ ni. Ọ̀nà Malanville sí Parakou sí Tchaourou, ọ̀nà kan náà ni. Ní ìhà ìlà-oòrùn wa, Kwara ni, àwọn apániláyà àti ajínigbé sì ti wọ igbó ibẹ̀. Obìnrin Kika kò nílò tẹlifíṣọ̀n kó tó mọ̀. Bí alùpùpù mẹ́ta bá gba ọ̀nà oko kọjá ní àkókò tí kò yẹ, gbogbo ilé á pa àtùpà.

Ká má tíì sọ ti àgbẹ̀ àti darandaran, èyí tí ẹ̀yin baálẹ̀ mọ̀ jù wá lọ. Màlúù jẹ oko, àdá jáde, ọ̀sẹ̀ kan kò sẹ́ni tó lè dá lọ sí odò. Ta ló máa ń lọ sí odò?

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún wa pé a ò sí ní ibi ogun. Ogun kì í ṣe ìbọn nìkan. Ogun ni kí ènìyàn máa fetí sílẹ̀ lálaalẹ́. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun kan jáde lórí tẹlifíṣọ̀n láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, 7 oṣù Kejìlá ọdún 2025, tí wọ́n ní àwọn ti gba ìjọba, kò sí ìbọn kankan tó dún ní ọ̀dọ̀ wa. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti sọ pé ọ̀rọ̀ náà ti parí. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá ti di ẹrù.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ohun tí ìpayà yìí jẹ́ gan-an, nítorí àwọn kan rò pé ọ̀lẹ ni, àwọn kan ní àjẹ́ ni, àwọn mìíràn ní àṣà òyìnbó ni. Ara ènìyàn ní olùṣọ́. Bí ewu bá dé, olùṣọ́ á jí: àyà á máa lù, èémí á yára, ojú á là, ẹsẹ̀ á múra àtisá. Ohun rere ni, òun ló gba àwọn bàbá wa lọ́wọ́ ẹkùn. Bí ewu bá lọ, ó yẹ kí olùṣọ́ yìí padà sùn. Lára ọmọ tí à ń wí yìí, kò sùn mọ́. Ó ń ṣọ́ ilé tí kò sí olè. Ọmọ ń sùn jẹ́ẹ́, ìyá á jí lẹ́ẹ̀mẹ́fà láti fi etí sí imú ọmọ bóyá ó ń mí. Wọ́n lu ilẹ̀kùn, ó gbọ̀n. Wọ́n ní kó gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ìlú kejì, kò lọ, ó ní ọ̀nà kò dára, ẹ ó sì máa sọ pé aláìgbọràn ni. Oúnjẹ kò lọ lẹ́nu rẹ̀. Orí ń fọ́ ọ, inú ń run ún, ó lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n fún un ní oògùn ibà. Ibà ọ̀hún kì í lọ, nítorí ibà kọ́ ni.

Ọmọ ni òun náà, ẹ má gbàgbé. Ara rẹ̀ kò tíì gbó, orí rẹ̀ kò tíì gbó, ọmọ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, bàbá ọmọ kò sì sí nítòsí. Òmíràn sá kọjá sí Nàìjíríà nígbà tí wọ́n ń mú ènìyàn, kò padà. Òmíràn wà láàárín ìlú, ó ń jókòó pẹ̀lú wa ní ìpàdé, ó ní òun kò mọ̀ ọ́n rí. Òmíràn ti ní ìyàwó méjì nílé, ó sì ju bàbá ọmọ náà lọ lọ́jọ́ orí. Ẹ jẹ́ ká sọ ojú abẹ níkòó.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa, nínú 100 obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, bí 20 ló ń ní àìsàn ọkàn kan tàbí òmíràn. Ní ibi tí ìjà ti ṣẹlẹ̀, wọ́n ní nínú gbogbo ènìyàn, ọkùnrin àti obìnrin, ó lé ní ọ̀kan nínú márùn-ún. Ní Benin, ìwádìí ìjọba tí wọ́n ṣe ní 2017 sí 2018 fi hàn pé nínú àwọn ọmọbìnrin ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí mọ́kàndínlógún, bí ọ̀kan nínú márùn-ún ló ti bímọ tàbí tó ti lóyún. Ẹ kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ sórí ọmọ kan ṣoṣo: ó jẹ́ ọmọdé, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ó sì wà ní ibi tí ìbọn ti dún. Kí wá ni ẹ ń retí pé kó ṣe? Kó máa rẹ́rìn-ín?

Wọ́n á ní ojú ló ń tì í. Gbólóhùn yìí ni a fẹ́ bá jà lónìí ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ojú ń tì í, lóòótọ́, nítorí àwa la dójú tì í. Ṣùgbọ́n ìtìjú kì í jẹ́ kí ènìyàn sá bo abẹ́ ibùsùn nígbà tí táyà ọkọ̀ bá bẹ́ lójú títì. Nígbà tí a bá pe ìpayà ní ìtìjú, ohun tí à ń ṣe ni pé à ń dá a lẹ́bi fún ohun tó ń ṣe é. Ó rọrùn fún wa. Bí ìtìjú bá ni, ẹ̀bi tirẹ̀ ni, kó rọra máa gbé e. Bí ìpayà bá ni, a jẹ́ pé ẹnìkan ló dẹ́rù bà á, ìlú sì gbọ́dọ̀ wá ẹni náà kiri.

Èyí tó burú jù ni ojútùú tí àwọn bàbá kan rí sí i. Nígbà tí ìlú bá gbóná, wọ́n á ní kí wọ́n tètè fi ọmọbìnrin fọ́kọ, kí ó lè ní ẹni tí yóò dáàbò bò ó. A gbọ́ èrò náà, a mọ ibi tó ti wá, ìfẹ́ wà nínú rẹ̀ nígbà mìíràn. Bàbá tí kò rí oúnjẹ, tí ẹ̀rù sì ń bà, ó rò pé òun ń gba ọmọ là ni. Àmọ́ ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Wọ́n mú ọmọ tí ẹ̀rù ń bà kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ẹnìkan ṣoṣo tó lè fi í lọ́kàn balẹ̀, wọ́n lọ fi í sínú yàrá ọkùnrin tí kò mọ̀. Ṣé ààbò nìyẹn? Ẹ̀rù méjì ló di. Ọ̀kan wà níta, ọ̀kan wà nínú ilé.

Òfin ilẹ̀ wa kò fara mọ́ ọn. Òfin ẹbí ti ọdún 2004 ní ọdún méjìdínlógún ni ìgbéyàwó. Òfin ọmọdé ti oṣù Kejìlá ọdún 2015 tún un sọ. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá ọdún 2021, wọ́n ṣe òfin mìíràn, nọ́mbà 2021-11, tó gbé ọ̀rọ̀ ìwà ipá sí obìnrin lọ sí CRIET, ilé ẹjọ́ kan náà tó ń dájọ́ àwọn apániláyà. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Ìjọba ní ẹni tó fipá bá ọmọ lò àti ẹni tó gbé bọ́ǹbù, ilé ẹjọ́ kan náà ni kí wọ́n lọ. Ní 2017, ìjọba àti UNICEF ṣe ìpolongo lòdì sí ìgbéyàwó ọmọdé, Angélique Kidjo sì kọrin sí i. Orin náà dé Tchaourou, a jó o.

Lẹ́yìn ijó ńkọ́? Ẹjọ́ ń bọ̀ wá sábẹ́ igi. Wọ́n gbé ewúrẹ́ kan, owó sẹ́fà díẹ̀, obì àti ọtí, ọ̀rọ̀ parí. Kábíyèsí, ẹ má bínú, ọmọ yín la jẹ́, a kò ní fi ẹnu àìmọ̀kan sọ̀rọ̀ sí yín. A mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ń pa iná ìjà tí ọlọ́pàá kò lè pa. Bí kì í bá ṣe ẹ̀yin, àgbẹ̀ àti darandaran ì bá ti pa ara wọn tán. Ṣùgbọ́n ìjà oko ní ẹni méjì, àwọn méjèèjì ló sì ń sọ̀rọ̀ níwájú yín. Nínú ẹjọ́ oyún ọmọdé, bàbá ọmọbìnrin sọ̀rọ̀, bàbá ọmọkùnrin sọ̀rọ̀, àwọn ẹ̀gbọ́n sọ̀rọ̀. Ọmọ náà jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó dorí kodò. Kò sẹ́ni tó bi í. Ewúrẹ́ náà pàápàá ké níbẹ̀ ju òun lọ.

Àwọn àgbà wa ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. A gbà. Orí ìyá ọmọ tuntun ńkọ́, nígbà tí òun náà jẹ́ ọmọ?

A ò ní fi ìjọba sílẹ̀. Nígbà tí ọ̀nà dí ní 2019 àti 2021, ọkọ̀ ológun dé láàárín ọjọ́ díẹ̀. Nígbà tí ọ̀nà là, ẹni wo ni wọ́n rán wá láti tọ́jú ọkàn àwọn ènìyàn? Ẹni tó bá fẹ́ rí dókítà ọpọlọ, Parakou ni kó lọ, ó ju àádọ́ta kìlómítà lọ láti Tchaourou. Ọmọ tí ẹ̀rù ọ̀nà ń bà ni kí ó gba ọ̀nà yẹn lọ wo àìsàn ẹ̀rù! Àwọn òṣèlú náà, ti ìjọba àti ti alátakò, kí wọ́n má rò pé a gbàgbé wọn. Ẹni tó ní kí àwọn ọ̀dọ́ lọ di ọ̀nà, tó sì wà ní Cotonou nígbà tí ìbọn ń dún, a kò rí i nílé ọmọ kankan tí bàbá rẹ̀ sá lọ. Ìgbà ìbò ni a máa ń rí aṣọ ẹgbẹ́. Àwọn ìyá kékeré yìí, tí wọn kò tíì tó ìbò dì, kò sí ẹni tó ń fún wọn ní aṣọ.

Ní ilé ìwòsàn kan tí a kò ní dárúkọ, a gbọ́ ọ létí ara wa, obìnrin oníṣègùn kan ń pariwo mọ́ ọmọ tó ń rọbí: nígbà tí o ń ṣe é, ṣé o pariwo báyìí? Ẹ̀yin agbẹ̀bí rere tó wà láàárín yín, tí ẹ ń ṣiṣẹ́ láìsùn, a mọ̀ pé inú yín bàjẹ́ sí irú rẹ̀. Ẹ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ yín sọ ọ́. Ọmọ tó bá gbọ́ gbólóhùn yẹn kò ní padà wá fún ìtọ́jú lẹ́yìn ìbímọ.

Kì í ṣe àwa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí bá. Ní Borno ní Nàìjíríà, ọmọ ilé ìwé 276 ni wọ́n jí gbé ní Chibok ní oṣù Kẹrin ọdún 2014, àwọn ọmọbìnrin mìíràn tí ayé kò mọ orúkọ wọn sì pọ̀ jù wọ́n lọ. Nígbà tí àwọn kan padà dé pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́, àwọn ará ìlú wọn gan-an ló ń pe ọmọ náà ní ẹ̀jẹ̀ burúkú. Wọ́n bọ́ lọ́wọ́ apániláyà, wọ́n wá bọ́ sọ́wọ́ aládùúgbò. Ní Sierra Leone, lẹ́yìn ogun àti lẹ́yìn Ebola, ìjọba lé àwọn aboyún kúrò nílé ìwé. Wọ́n ní wọ́n á ba àwọn yòókù jẹ́. Ilé ẹjọ́ CEDEAO, tí àwa náà wà lábẹ́ rẹ̀, dájọ́ ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 2019 pé ìwà ìyàsọ́tọ̀ ni, kí wọ́n fagi lé e. Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, wọ́n fagi lé e. Ní tiwa, òfin kò lé aboyún, ìjọba tiẹ̀ ní kí ọmọbìnrin má san owó ilé ìwé ní kọlẹ́ẹ̀jì. Ojú àti ẹnu ènìyàn ló ń lé e. Èyí burú ju òfin lọ, nítorí a lè pe òfin lẹ́jọ́.

Ẹnìkan á bi wá pé, kí wá ni ká ṣe, nígbà tí dókítà kò sí? Ẹ jẹ́ ká gbé yín dé Zimbabwe. Dókítà ọpọlọ kan wà níbẹ̀, Dixon Chibanda. Ní ọdún 2006, ó rí i pé aláìsàn pọ̀, dókítà kò tó nǹkan. Ta ló lọ bá? Àwọn ìyá àgbà. Mẹ́rìnlá ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní Mbare, ní Harare. Ó kọ́ wọn bí a ṣe ń fetí sílẹ̀, bí a ṣe ń béèrè, bí a ṣe ń ran ẹni tí ọkàn rẹ̀ wúwo lọ́wọ́ láti mú ìṣòro kan ṣoṣo kó kọ́kọ́ yanjú rẹ̀. Wọ́n gbé bẹ́ǹṣì onígi síta lábẹ́ igi nítòsí ilé ìwòsàn, wọ́n ń jókòó síbẹ̀. Ní èdè wọn, wọ́n ní àìsàn náà ń jẹ́ kufungisisa, ìyẹn ni kí ènìyàn máa ronú jù. Àwa náà ní orúkọ fún un, àròkàn ni. Nígbà tí wọ́n wọn iṣẹ́ náà, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2016, lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, nínú 100 ẹni tó jókòó pẹ̀lú àwọn ìyá àgbà, bí 14 ni àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ṣì wà lára wọn. Nínú àwọn tó gba ìtọ́jú bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀, 50 ni.

Bẹ́ǹṣì, igi, ìyá àgbà. Èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kò sí ní Tchaourou?

A tún ní ọmọ Benin tiwa, Grégoire Ahongbonon, tí wọ́n bí nítòsí Kétu. Kì í ṣe dókítà, iṣẹ́ táyà ló ń ṣe ní Bouaké. Òun ló bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n dè mọ́ igi nítorí pé orí wọn dàrú, ó sì ti kọ́ ilé ìtọ́jú fún wọn ní Avrankou, ní Bohicon, ní Djougou. A dárúkọ rẹ̀ nítorí àwọn tó ń sọ pé àìsàn ọkàn kọjá agbára ẹni tí kò kàwé rẹpẹtẹ. A sì ń sọ fún àwọn tó ń gbé ọmọ tí àyà ń já lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fi pàṣán lé ẹ̀mí burúkú jáde: ìpayà ni ẹ fi ń wo ìpayà. Àdúrà dára, ìmáàmù àti àlùfáà lè gbàdúrà fún un, kí wọ́n jókòó tì í. Kí wọ́n má nà án.

Nítorí náà, ohun tí ẹgbẹ́ wa ń béèrè nìyí. Kábíyèsí àti ẹ̀yin baálẹ̀, ẹ kéde ní gbangba pé ẹjọ́ oyún ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún kò ní jẹ́ ẹjọ́ ìgbéyàwó ní ààfin mọ́, àti pé ẹni tó bá gbé ewúrẹ́ wá yóò gbé ewúrẹ́ rẹ̀ padà. Bí ipá bá wà nínú rẹ̀, kọmisáríà ni. Bí ẹ bá sì fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan rárá, kí ọmọ náà sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, kí obìnrin tó yàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin lẹ mọ ìyá àgbà tó lè gbọ́ ọ̀rọ̀ kó má gbé e dé ọjà. Ẹ mọ èyí tí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Ẹ bá wa yàn wọ́n. A kò wá ẹni tí yóò máa wàásù. Ẹni tí yóò béèrè pé, ṣé o sùn, ṣé o jẹun, kí ló ń bà ọ́ lẹ́rù jù, kí la lè kọ́kọ́ ṣe sí i lọ́sẹ̀ yìí, òun la ń wá.

Àwọn agbẹ̀bí wa, iṣẹ́ yín pọ̀, a mọ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè mẹ́wàá kan wà tí wọ́n ti ń lò kárí ayé láti ọdún 1987 láti mọ ìyá tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ. Kò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kí kọmúnù ní kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Yorùbá, Bàrìbá àti Fúlàní, kí ẹni tó mọ èdè ka á fún ọmọ náà nígbà tó bá gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́. Ọmọ tí àìsàn rẹ̀ bá le, tó ń sọ pé òun fẹ́ kú tàbí pé òun lè ṣe ọmọ léṣe, kí wọ́n má fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Kí mẹ́rì pèsè owó ọkọ̀ tí yóò gbé e dé Parakou lọ́jọ́ náà gan-an, kì í ṣe ọjọ́ kejì. Àwọn tó ń gba owó orí lọ́wọ́ wa lójúmọ́ ọjà lè rí owó yẹn.

Àwọn olùkọ́ kọlẹ́ẹ̀jì, ẹ wá ilé kan nítòsí yín tí ìyá ọmọ lè gbé ọmọ sí títí wọn yóò fi jáde. Kò ní láti jẹ́ ilé tuntun.

Bí rògbòdìyàn bá tún dé, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó dé, kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan ti mọ ilé tí àwọn aboyún àti ọmọ tó ń tọ́mọ yóò sá sí pọ̀, pẹ̀lú omi àti obìnrin àgbà, kí ẹnikẹ́ni má tún dá wọ oko lóru.

Ní ìpàdé gbogbogbòò wa tó ń bọ̀, a ń retí pé kí baálẹ̀ kọ̀ọ̀kan mú nǹkan méjì wá: orúkọ ìyá àgbà méjì tó gbà láti jókòó, àti iye ọmọ tó ń tọ́mọ ní àdúgbò rẹ̀. Iye nìkan o, a kò fẹ́ orúkọ wọn. Ẹni tí kò bá tíì rí ìyá àgbà, kó rán ọmọ sí wa kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, a óò bá a wá. Ìgbìmọ̀ àwọn obìnrin ẹgbẹ́ ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, àwọn olóyè á tẹ̀lé e. Àwọn agẹgi méjì láàárín ọmọ ẹgbẹ́ ti ní àwọn yóò gbé pákó bẹ́ǹṣì mẹ́fà sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó kù kí ẹ sọ fún wa abẹ́ igi wo ni ká gbé wọn sí.